Ẹsẹ̀ Ìyàwó Lórí Afárá Funfun

Ní gbogbo ìhà Ṣàngó-Ọ̀tà yìí, mi ò tí ì rí ẹni tó ń kun ilẹ̀ afárá ní funfun rí, àfi káńsù wa. Afárá tí ènìyàn yóò ti inú ẹrẹ̀ gùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ fákítìrì yóò fi bàtà tí epo ti rin rìn lórí rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kùn ún kó funfun bí ẹyin. Wọ́n ní tí Alága bá wá ṣí i, fọ́tò rẹ̀ yóò mọ́ dáadáa. Ọkọ mi, Nùrẹ́nì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọ̀dà náà fún. Ọmọ Ìwó ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi Mọ̀nsúrát, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọ̀tà ni mí. Kẹrosíìnì ni mò ń tà níwájú ilé wa, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà.

Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni odò Aláró ti ń ṣàn. Orúkọ tó ń jẹ́ láyé àtijọ́, àwọn àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwa sọ ọ́ ní Aláró nítorí pé ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ bá dà sínú rẹ̀ ní àárọ̀ ni yóò jẹ́ àwọ̀ rẹ̀ di alẹ́. Odò náà ò fẹ̀ rárá. Tí mo bá dúró lẹ́yìn ilé ìdáná mi tí mo pe ẹni tó wà lódìkejì, yóò jẹ́ mi, a ó sì tún bú ara wa díẹ̀ kí a tó kí ara wa tán. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá fẹ́ gba ojú títì dé ọ̀hún, àfi kó lọ yí po ní Ṣàngó, ta ni kò sì mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ṣàngó? Ènìyàn á yó kó tó kúrò nílé, ebi á ti máa pa á kó tó débẹ̀. Nítorí náà, inú odò ni gbogbo wa ń gbà, lórí òkúta àti pákó kan tó ti ń jẹrà, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ á mu wá dé orúnkún.

Ìgbà tí káńsù wá kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀, a jó. Mo jó, mi ò ní parọ́. Àṣé ijó náà ti yá jù. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tán ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí Alága yóò fi wá ṣí i. Alága náà ní òun ò ní ṣí i títí ọ̀gá ńlá kan yóò fi ti Abẹ́òkúta dé. Ọ̀gá ńlá dá ọjọ́. Kánópì dé, àga dé, wọ́n so màlúù mọ́ igi ọsàn wa, wọ́n gbẹ́ ọjọ́ náà sára òkúta mábù, wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù. Ọ̀gá ńlá ò wá. Wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn.

Èéfín ilé iṣẹ́ irin tó wà lẹ́yìn wa kì í sì í dúró de ọ̀gá ńlá kankan. Láàárín ìgbà díẹ̀, afárá funfun ti di eléérú. Wọn á tún ránṣẹ́ pe ọkọ mi kó wá kùn ún, wọn á gbé kánópì mìíràn dé, màlúù mìíràn, ríbọ́ọ̀nù mìíràn, mábù mìíràn tó ní ọjọ́ tuntun lára. Mábù àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn ilé mi báyìí, orí rẹ̀ ni mo ti ń gé ẹja. Ọ̀kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi tó ń rán bàtà, òun náà ń lu awọ lórí rẹ̀, ó ní káńsù ò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Gbogbo àsìkò yìí, ẹsẹ̀ wa wà nínú ẹrẹ̀, à ń gbójú sókè wo ikùn afárá.

Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fún káńsù ni Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ kóòtù bó ti wù kí oòrùn mú tó. Òun ló fún ọkọ mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n náà kó lè máa wọlé kun ọ̀dà, ó sì ṣèlérí fún un pé tí afárá bá wà láìlábàwọ́n títí Alága yóò fi ṣí i, òun ni yóò kun gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lábẹ́ káńsù. Ọkọ mi so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn bí ẹni so oògùn. Mo bi í léèrè pé ṣé kò rí i pé owó tí wọ́n ń ná sórí ṣíṣí afárá yìí ti tó kọ́ òmíràn. Ó ní òun kọ́ ni káńsù, wọ́n ní kí òun kùn, òun sì ń kùn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ilé ìwé yẹn ló ń wò. Ó ti pẹ́ tó ti ń kun yàrá kan níbí, géètì kan lọ́hùn-ún, kò rí iṣẹ́ gidi kan gbé dání rí. N kò lè bá a jà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan Toyibat, ọmọ wa obìnrin.

Ọmọkùnrin kan wà lódìkejì odò tó ń jẹ́ Sódìq, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń ré odò kọjá wá ra kẹrosíìnì lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ń fi kẹrosíìnì wẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo rí i pé ó gbàgbé ìgò rẹ̀ sílẹ̀ tó sì tún gbàgbé láti padà wá mú un, tó kàn jókòó ti Toyibat tí ń rẹ́rìn-ín, ni ojú mi là. Ìdílé méjèèjì mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà ò le. A fi ìgbéyàwó sí ọjọ́ Sátidé kan tó tẹ̀lé ọjọ́ tuntun tí káńsù dá, kí ọmọ mi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lórí afárá lọ sílé ọkọ. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ilé ìdáná mi, mo lè rí ilẹ̀kùn ilé tí yóò wọ̀.

Káńsù sún un síwájú. Ó di ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé wa. Cornelius tún wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó ní èéfín ti tún ba ilẹ̀ afárá jẹ́, kí ọkọ mi tún un kùn kíákíá. Gúlọ́ọ̀sì ni, ọ̀dà olóròóró tí omi kì í wẹ̀ kúrò, àfi kẹrosíìnì, ojú ọjọ́ sì tutù, kì í tètè gbẹ. Mo bi ọkọ mi pé ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni yóò fi kun afárá. Ó ní tí òun ò bá kùn ún lówùúrọ̀ Sátidé, kò ní gbẹ di Mọ́ńdè. Bó ṣe kírun àsùbáà tán ló gbé róólà lọ, ó padà dé nígbà tí àwọn Àlùfáà ti ń jókòó. Ó jókòó bí bàbá ìyàwó, ọ̀dà funfun sì wà ní etí rẹ̀ títí wọ́n fi so yìgì tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará ọkọ ti gba ojú títì wá láàárọ̀, wọ́n sì tètè padà lọ kí wọ́n lè ṣètò láti gba ìyàwó wọlé. Àwa háyà bọ́ọ̀sì kan tí yóò gbé ìyàwó lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ẹfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ti wá láti Ìwó, òun ló sì kọ́ Toyibat ní ẹkún ìyàwó. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sun ẹkún rẹ̀, ó kí èmi, ó kí bàbá rẹ̀, a súre fún un, ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ilé. Ìyá Ẹfúnkẹ́ sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé nínú ìdílé tiwọn, ọmọ tó bá ti dágbére kì í padà wọlé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, iwájú ni ìyàwó ń lọ.

Níbi tí a dúró sí ní títì ni ìpè awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ti wọlé. Ó ní àjàgbé kan ti da kọ̀ǹténà sílẹ̀ ní Ṣàngó, ojú ọ̀nà ti dí pátápátá. "Mummy, no road at all," ló wí. "Ẹ má dúró dè mí."

Òjò ṣú. Ìyàwó wà lójú títì, iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Àwọn obìnrin ní kí a gba odò, gbogbo wa sì bá ẹ̀yìn ilé yọ. Ewé ni àwọ̀ Aláró lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ti jin dé ibi tí pákó wà. Lódìkejì, ìyá ọkọ, Alhaja Mùíbátù, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi tí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ó ń wò wá, à ń wò ó. Sódìq ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè pé òun á wá pọ̀n ọ́n, Ìyá Ẹfúnkẹ́ sì pariwo mọ́ ọn láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín pé kó má dán an wò, pé ìyàwó ni wọ́n ń mú bọ̀, kì í ṣe àpò gàrí.

Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ mi. A fi odidi ọjọ́ kan lé làálì sí ẹsẹ̀ yẹn. Mo wo afárá tó nà gbọọrọ lókè orí wa. Mo wá wo ọkọ mi, tí kọ́kọ́rọ́ ń yọ lábẹ́ ọrùn agbádá rẹ̀.

"Bàbá Toyibat," mo ní, "ẹ ṣí ẹ̀wọ̀n yẹn."

"Ọ̀dà ò tí ì gbẹ, Mọ̀nsúrát. Tí ẹsẹ̀ kan bá hàn lórí rẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwé yẹn ti lọ nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Toyibat ló sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó tún gbé ẹkún ìyàwó sẹ́nu, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ:

"Bàbá mi, akunlé-onílé-má-kun-tirẹ̀,
Ọ̀dà ọwọ́ rẹ ni mo fi jẹun dàgbà.
Ilé onílé funfun, tiwa ò tí ì funfun,
Síbẹ̀ n kò febi sùn nílé rẹ rí.
Mo ń relé ọkọ, bàbá mi,
Má jẹ́ n fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọlé àna."

Ọkọ mi ò wo ẹnikẹ́ni. Ó fa okùn kọ́kọ́rọ́ náà yọ lọ́rùn, fìlà rẹ̀ bá a jábọ́, kò mú un. Ó lọ ṣí àgádágodo, ó fa ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Mo lè tún ọ̀dà kùn. Mi ò lè tún òní ṣe."

Bí wọ́n ṣe gun afárá náà nìyẹn. Ìyàwó ló ṣáájú, ẹsẹ̀ lásán, ó ń gbé e jẹ́jẹ́, ọ̀dà sì ń dún pẹ̀tẹ̀-pẹ̀tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bàtà àbúrò mi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó fi í síbẹ̀, ó ń lọ. Àwọn tó kù bọ́ tiwọn sọ́wọ́. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń di ara wọn mú, ẹ̀rín sì ń gba orin mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi àti ọkọ mi dúró sílẹ̀, nítorí pé bàbá àti ìyá kì í sin ìyàwó relé ọkọ. Ẹ̀yìn ọmọ mi ni mò ń wò títí ó fi dé ọ̀hún.

A rí i tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpótí níwájú ilẹ̀kùn. A rí i tí Alhaja Mùíbátù da omi sí i, tó fi ọwọ́ ra á, tó tún da omi sí i. Wọ́n gbé ọṣẹ wá. Wọ́n gbé kànrìnkàn wá. Ẹsẹ̀ ìyàwó funfun bí ẹfun, kò yí padà, làálì wa sì ti wọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ẹfúnkẹ́ ò sì gbà kó wọlé láìwẹ ẹsẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pè wá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ohùn Alhaja la odò kọjá. "Bàbá Toyibat, ẹ̀yin lẹ kun ọmọ yìí. Ẹ wá wẹ̀ ẹ́."

Ọkọ mi ní kò bá àṣà mu. Mo ní àṣà wo ló ní kí ìyàwó fi ẹsẹ̀ gúlọ́ọ̀sì wọlé. Mo bu kẹrosíìnì sínú ike láti inú dúrọ́ọ̀mù mi, òun mú àkísà rẹ̀, àwa méjèèjì sì gun afárá, a fi ẹsẹ̀ tiwa náà síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ó rẹ àkísà, ó ń nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń nu ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń rọra ṣe é bí ẹni tó ń fọ ohun tó lè fọ́. Làálì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà lábẹ́ ọ̀dà. Toyibat gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀ kó má baà ṣubú, kò sì mú un kúrò mọ́. Mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín kó fi mí rẹ́rìn-ín, mo sunkún ayọ̀ níwájú àwọn àna mi. Nígbà tó tán, Alhaja da omi tútù sí i, ìyàwó sì wọlé. Òjò tó ṣú kò rọ̀. Gbogbo àwọn tó sin ìyàwó tò síwájú ọkọ mi, wọ́n na ẹsẹ̀ sí i, ó sì ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Ìyá Ẹfúnkẹ́ ń sọ pé òun ò mọ̀ pé káńsù tún ń lé làálì funfun.

Kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ rí ipasẹ̀ lórí afárá, wọ́n rò pé Alága ti ṣí i, wọ́n bá gùn ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn tẹ̀lé wọn. Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, ẹrẹ̀ pupa, epo dúdú àti ìyẹ̀fun bísíkíìtì ti kun gbogbo afárá náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ, àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru ń bọ̀, ẹnìkan ti já ríbọ́ọ̀nù, ó fi di ìdì ewé ẹ̀fọ́. Abẹ́ kánópì káńsù tó dé lálẹ́ àná ni Cornelius ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

Ó bi ọkọ mi léèrè ẹni tó ṣe é. Ọkọ mi ní ọmọ òun ni, wọ́n ń mú un relé ọkọ. Cornelius ní iṣẹ́ ilé ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, ó sì ní kó lọ gbé ọ̀dà wá, kó kùn ún kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò tí ì sọ tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọ̀gá ńlá ò ní lè wá. Wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn. Ó mí kanlẹ̀, ó tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àyè ti wà. Tún un kùn, Bàbá Pẹ́ńtà, mo lè bá ẹ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé ìwé yẹn."

Mo wo ọkọ mi. Ẹni tí kò sọ pé rárá fún káńsù rí. Ó wo afárá, ó wo àwọn ènìyàn tó ń kọjá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá," ó ní, "ta ló máa dúró kí ọ̀dà gbẹ?"

Kí Cornelius tó dáhùn, obìnrin kan tó ru agbọ̀n ìrẹsì ní kó yà fún òun. Cornelius sì yà fún un. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Wọ́n ti pa màlúù, wọ́n ti sè é, àga ti wà nílẹ̀, kánópì ti wà lókè, àlejò káńsù ò sì sí. Alhaja Mùíbátù kó àwọn ará ilé rẹ̀ ré afárá kọjá, àwa náà kó tiwa, a jókòó, a jẹ ẹran ọ̀gá ńlá. Cornelius gan-an bọ́ kóòtù rẹ̀ nígbà tó yá, ó jẹ abọ́ méjì.

Ẹlòmíràn ló kun ilé ìwé. Ó dun ọkọ mi, ó sì dùn mí fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kó ní òun kábàámọ̀ rí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo rí. Ní òwúrọ̀ kan, mo bá a lórí afárá níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti agolo fáníṣì tirẹ̀, ọ̀dà tí kò láwọ̀, tó ń dáàbò bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀dà funfun ti ń ṣí kúrò lórí afárá náà, ẹsẹ̀ ayé ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ irin tí à ń dì mú, lápá ọ̀dọ̀ Alhaja, ipasẹ̀ Toyibat kan ṣì hàn kedere, ìka márààrùn-ún. Òun ló ń fi fáníṣì bò.

Mo béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní kọnkéré ibẹ̀ ti fẹ́ sán, òun fẹ́ kó lágbára díẹ̀.

Mo ní ó dára, kó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i.